Ẹ Má Tíì So Ó Mọ́ Iná: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ Orin Àtijọ́

Lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ẹ̀rọ orin àtijọ́ pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ, nítorí náà mo ṣa mẹ́fà nínú wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé ni ó fi gbólóhùn kan náà kún un: “Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí a lò ó kẹ́yìn.” Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń fi ọwọ́dilẹ̀ mi tún rédíógíráàmù, ampilifáyà àti ẹ̀rọ àwo orin ṣe, èyí tí ìlò bà jẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìjókòó lásán bà jẹ́. Níbi tí ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ sí, rọ́bà inú rẹ̀ ń le, gíríìsì ń dì, kẹ́míkà inú kápásítọ̀, ìyẹn ohun èlò kékeré tí ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, ń gbẹ, kò sì sí ẹni tí ó rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka àwọn ìdáhùn tí ó tẹ̀lé e.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi rédíógíráàmù Grundig kan sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde láyé. Onígi ni, ó gùn tó àga ẹni mẹ́ta, ẹ̀rọ àwo orin wà lápá kan, rédíò wà lápá kejì, ojú kékeré aláwọ̀ ewé kan sì wà níwájú rẹ̀ tí ó máa ń tàn bí a bá ti mú ilé iṣẹ́ rédíò dáadáa. Láti nǹkan bí ọdún 1985 ni aṣọ ti bò ó ní pálọ̀ wa. Àwọn àbúrò mi fẹ́ kí a so ó mọ́ iná ní ọjọ́ ìrántí bàbá, kí a sì fi àwo wọn sí i. Ṣé kò léwu? — Òǹkàwé, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrántí bàbá. Ó léwu, ẹ má sì tíì so ó mọ́ iná, kódà fún ìṣẹ́jú kan láti fi dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, nítorí bí ẹ bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ óò lè fi yé àwọn àbúrò yín. Rédíógíráàmù ìgbà náà ń lo fáàfù, ìyẹn àwọn ohun èlò onígíláàsì tí ó rí bí gílóòbù gígùn, tí wọ́n máa ń pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nínú bí iná bá ti wọ̀ wọ́n. Kí fáàfù tó lè ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà ní láti ṣe iná tí ó tó nǹkan bí fólítì 250 nínú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn kápásítọ̀ ńlá, tí wọ́n rí bí agolo tẹ́ẹ́rẹ́, yóò wá mú iná yẹn pa rọ́rọ́ kí ó má baà kùn nínú sípíkà. Nínú agolo náà, irin alumíníọ́mù tẹ́ẹ́rẹ́ àti bébà tí a rẹ sínú kẹ́míkà ni wọ́n jọ ká. Lára irin náà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí kì í jẹ́ kí iná ré kọjá, iná tí a ń tàn sí i lóòrèkóòrè gan-an ni ó sì ń tún awọ yẹn ṣe. Bí a bá ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ogójì ọdún, awọ náà ti jẹ, kẹ́míkà ti gbẹ. Bí ẹ bá dédé ju fólítì 250 sí i lójijì, iná yóò ré e kọjá, agolo yóò gbóná, ó lè bẹ́, ó sì lè mú tiransífọ́mà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kápásítọ̀ kì í ṣòro láti rí rà. Tiransífọ́mà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ó bá jó, wíwá òmíràn lè gba yín ní ọdún kan.

Kápásítọ̀ kejì tí mo máa ń bẹ̀rù ju ti àkọ́kọ́ lọ kéré púpọ̀. Kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, bébà àti ìda ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wà láàárín fáàfù kékeré tí ń gbé ohùn sókè àti fáàfù tí ń ti sípíkà, tí ó sábà máa ń jẹ́ EL84. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí orin kọjá, kí ó sì dí iná gbígbóná náà lọ́nà. Bí ó bá ti ń jò, EL84 kò ní sinmi mọ́. Irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ yóò pọ́n bí ẹ̀yinná, orin yóò sì ṣì máa dún dáadáa fún bí ìdajì wákàtí, tí ẹ óò fi rò pé kò sí wàhálà. Ẹni tí ó mọ mítà lò lè yẹ̀ ẹ́ wò: ẹsẹ̀ kejì EL84 kò gbọdọ̀ ní iná pọ́sítíìfù kankan lórí bí a bá fi wọ̀n ọ́n mọ́ ara irin ẹ̀rọ náà, bí ẹ bá rí fólítì méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, kápásítọ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Èmi kì í dúró wọ̀n ọ́n mọ́ nínú ẹ̀rọ tí ó ti dàgbà tó báyìí. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe láìfi ọwọ́ kan iná rárá nìyí. Ẹ gbé e kúrò lára ògiri ní ọ̀sán gangan, ẹ ṣí pákó ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wò ó bóyá eku ti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀ tàbí kí ó ti gé waya jẹ. Ẹ tẹ awọ rọ́bà ara waya tí ó lọ sí púlọ́ọ̀gì díẹ̀. Bí ó bá ń fọ́ bí ìpẹ́pẹ́, ẹ gé e dànù. Ẹ wo ibi tí fíúsì wà, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti fi bébà sìgá tí ń dán wé e nígbà kan rí, torí ó wọ́pọ̀. Ẹ tún wá ohun yíyí kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí a kọ 110, 127, 220 àti 240 sí: 240 ni ó yẹ kí ó wà nílé wa. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí ó wà lórí 220 láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, tí gbogbo fáàfù inú rẹ̀ sì ti ń gbé ẹrù tí ó ju tiwọn lọ láti ìgbà náà.

Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ fi gbá eruku, kì í ṣe aṣọ tútù. Níbi gíláàsì tí a kọ orúkọ àwọn ìlú sí, ẹ má fi ohunkóhun tó lómi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi owú tí mo rẹ sínú sípíríìtì nu ọ̀kan ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo nù ún lẹ́ẹ̀kan, mo gbé owú náà sókè, mo sì rí lẹ́tà wúrà “Hilversum” àti “Luxembourg” lára rẹ̀ ní odindi, bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè dá a padà. Gíláàsì yẹn ṣì wà nílé mi pẹ̀lú àlàfo méjì lára rẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní, torí pé ẹni tí ó ni ín gbà mí gbọ́ ni ó fi gbé e fún mi.

Lẹ́yìn tí a bá ti pààrọ̀ àwọn kápásítọ̀ ni a óò tó sọ̀rọ̀ iná. Bí wọ́n bá kọ 50 máíkírófáràdì (ìwọ̀n iná tí kápásítọ̀ lè gbà) àti fólítì 350 sára ti àtijọ́, 47 ní fólítì 450 yóò ṣe é. Fólítì lè ga ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù ú. Ẹ wá fi gílóòbù alágbára wọ́ọ̀tì 100 sí ojú ọ̀nà iná náà, kí iná tí ń lọ sínú ẹ̀rọ ní láti gba inú gílóòbù kọjá ná. Gílóòbù oníwaya ti àtijọ́, tí ń gbóná, ni mo ń wí; ti ìgbàlódé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ó bá tàn yòò tí kò sì rẹlẹ̀, ohun kan ń kan ara wọn nínú, ẹ yọ ọ́ kíá. Bí ó bá tàn díẹ̀ tí ó sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí fáàfù ti ń móoru, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé kápásítọ̀ ńlá lè mú iná dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Mítà ni a fi ń mọ̀ pé ó ti ṣófo, kì í ṣe ìka.

Bí ẹ kò bá tíì di mítà mú rí, ẹ gbé e lọ bá àgbà tí ó kọ́ iṣẹ́ rédíò ní àsìkò fáàfù, ẹ sì dúró tì í kí ẹ rí ohun tí ó ń ṣe. Irú wọn ṣì wà. Fáàfù EL84 àti ECC83, irú èyí kékeré tí ń gbé ohùn sókè, kò wọ́n ní ìwá, nítorí wọ́n ṣì ń ṣe wọ́n ní Slovakia àti Rọ́ṣíà títí di òní. Ojú aláwọ̀ ewé yẹn ni wọn kò ṣe mọ́, ìlò sì ń mú un ṣókùnkùn, nítorí náà ẹ má ṣe tan rédíò náà sílẹ̀ lásán bí ẹ bá ti tún un ṣe tán.

Ní ti ọjọ́ ìrántí: bí kò bá tíì ṣetán, ẹ fi epo díẹ̀ nu igi ara rẹ̀, ẹ gbé e sí àyè rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ mìíràn lu àwo bàbá. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú ọjọ́ kan pa ohun tí ó ti dúró dè yín fún ogójì ọdún.

Kí n tó kúrò níbí, ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó ní rédíò kékeré orí tábìlì dípò ńlá. Bí orúkọ àwọn fáàfù inú rẹ̀ bá fi lẹ́tà U bẹ̀rẹ̀, bí UCH81 tàbí UL84, ìlànà wọn sábà máa ń so ara irin inú rẹ̀ mọ́ iná ilé tààrà. Ìdérí igi tàbí ike rẹ̀ nìkan ni ó dáàbò bo yín. Ẹ má ṣí irú rẹ̀ nígbà tí púlọ́ọ̀gì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Houston fi ẹ̀rọ àwo orin Thorens TD 160 ránṣẹ́ sí mi. Mo ra tiransífọ́mà tí ń sọ iná 240 di 110, ẹ̀rọ náà sì ń yí láìgbóná. Ṣùgbọ́n gbogbo akọrin ni ó ń kọrin bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, kò yí padà. — Òǹkàwé, Èkó

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Tiransífọ́mà yín yí fólítì iná padà, kò sì lè yí bí iná náà ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ padà. Ní Amẹ́ríkà, iná ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Tógò àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà 50 ni. Mọ́tọ̀ inú Thorens yín sì jẹ́ irú èyí tí ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ iná bí ọmọ tí ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀: bí iná bá fà, òun náà yóò fà. Àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan yóò máa yí ní bí ìgbà 27.8, èyí tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 45 yóò máa yí ní 37.5. Ẹni tí ó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá láti Brazil tàbí Kúbà yóò bá ohun kan náà pàdé, torí 60 ni tiwọn pẹ̀lú.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i láìra ohunkóhun. Ẹ fi bébà tí kò ju èékánná lọ lẹ etí ibi tí àwo ń jókòó lé, ẹ wo aago, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí bébà náà bá kọjá lára apá ẹ̀rọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé, ó gbọdọ̀ kọjá ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Mo dá a lójú pé ẹ óò ka nǹkan bí 83.

Ojútùú rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́líìtì. Orí mọ́tọ̀ náà ni ohun róbótó kan wà tí bẹ́líìtì ń gùn. Èyí tí a ṣe fún ìgbà 50 fi ìdá kan nínú márùn-ún fẹ̀ ju ti 60 lọ, ó sì ń fi ìfẹ̀ rẹ̀ dí àdínkù ìyípo mọ́tọ̀ náà. Ẹ wá ti 50 fún TD 160, ẹ yọ èyí, ẹ fi ìyẹn sí i. Garrard 301 náà ní méjèèjì bẹ́ẹ̀. Irú Technics SL-1200 tí kò ní bẹ́líìtì, tí mọ́tọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ àwo gan-an, kì í bá iná rìn báyìí. Fólítì rẹ̀ nìkan ni ẹ óò ṣọ́ra fún.

Ohun kan wà tí ó ń ya mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá fi àwo tí dùndún wà nínú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí ń fà báyìí, ẹ óò ṣì gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí. Gbogbo ohùn rẹ̀ ni ó jọ sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Òkè ṣì ga ju àárín lọ, àárín ṣì ga ju ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo ẹ̀rọ tí ń fà fún ọdún púpọ̀ láìfura. Ohùn akọrin ni kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè: Mo so ẹ̀rọ àwo orin mọ́ ampilifáyà ìgbàlódé tí mo fi ń wo fíìmù nílé. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti kòkòrò, kò sì ní ìsàlẹ̀ rárá. Ṣé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni ó ti jẹ? — Òǹkàwé, Òṣogbo

Ìdáhùn: Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń gé orin sára àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ má baà fẹ̀ jù, wọ́n sì máa ń fi kún ohùn òkè. Láti ọdún 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n kan tí a ń pè ní RIAA. Ampilifáyà tí ó bá ní ihò tí a kọ PHONO sí mọ bí yóò ṣe dá gbogbo rẹ̀ padà sípò. Ihò AUX, tí a ń so àwọn ẹ̀rọ mìíràn mọ́, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ra àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní “phono preamp”, ẹ fi sí àárín àwọn méjèèjì, kí ẹ sì so waya ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lára ẹ̀rọ àwo mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa kùn.

Ìbéèrè: Mo ra sípíkà ńlá méjì ní ọjà tòkunbọ̀. Orin rẹ̀ ń ha bí ẹni tí ó ní ikọ́. Nígbà tí mo yọ aṣọ iwájú rẹ̀, mo fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó sì fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà tí ó ti gbẹ. — Òǹkàwé, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Fóòmù ni etí náà, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ni ó jẹ ẹ́. Nǹkan bí ogún ọdún ni fóòmù máa ń lò, yálà ẹ lù ú, yálà ẹ kò lù ú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní odindi sípíkà tuntun nítorí rẹ̀, bí ojú bébà rẹ̀ àti waya àárín rẹ̀ bá ṣì dára. Ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ àárín rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, ní dọ́gbadọ́gba. Bí ó bá lọ tí ó bọ̀ láìha, ó yè.

Ẹ wọn ìfẹ̀ bébà náà àti ti irin ìta, torí pé sípíkà ínǹṣì mẹ́jọ kan kì í bá òmíràn dọ́gba. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti gba sùúrù ni híha fóòmù àtijọ́ kúrò. Mo máa ń lo ọ̀bẹ tí kò mú àti owú tí mo fi sípíríìtì díẹ̀ rẹ, mo sì máa ń lo odindi ìrọ̀lẹ́ kan lórí ẹyọ kan. Bí ìpẹ́pẹ́ bá kù, gọ́ọ̀mù kò ní mú. Ẹ lẹ ti inú mọ́ bébà ná, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà kí ẹ tó lẹ ti ìta mọ́ irin. Ní àkókò kejì yìí ni ẹ óò máa tẹ bébà náà wọlé jẹ́jẹ́, tí ẹ óò máa fetí sílẹ̀, kí waya àárín má baà fara kan irin. Gọ́ọ̀mù funfun tí ó bá omi lọ ni kí ẹ lò, torí ó ń fún yín láyè láti sún un. Èyí tí ń mú lójú ẹsẹ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá. Bí ó bá ti mú ní ibi tí kò tọ́, sípíkà náà ti lọ.

Ìbéèrè: Ìyá àgbà wa fi àpótí àwo orin sílẹ̀, èyí tí ó wúwo tí ó sì ń fọ́ bí abọ́ tánganran. Àwọn kan nínú rẹ̀ ti hu funfun. Kí ni mo lè fi fọ̀ wọ́n, ṣé mo sì lè lù wọ́n lórí ẹ̀rọ ọmọ mi? — Òǹkàwé, Àjàṣẹ́

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àwo tí ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n sì pò ó mọ́ òkúta lílọ̀. Sípíríìtì ń yọ́ ọ. Gbogbo omi ìfọwo tí wọ́n ń tà fún àwo ike ni ó lè ní ọtí nínú, nítorí náà ẹ yẹra fún un. Omi dísítílì díẹ̀ (tí wọ́n máa ń tà bí omi bátìrì), ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ṣoṣo, aṣọ rírọ̀, ó tó. Ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta omi bátìrì, torí ásíìdì ni àwọn mìíràn ń tà lórúkọ yẹn. Ẹ nù ún bí ojú ọ̀nà orin ti ń lọ, kì í ṣe ní ìbú; ẹ má jẹ́ kí bébà àárín tutù; kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Funfun yẹn jẹ́ ìhu, ẹ fọ̀ ọ́ ní ìta kí ẹ má baà fa á símú.

Ní ti ẹ̀rọ ọmọ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ ní 78 lára. Ojú ọ̀nà àwo wọ̀nyí fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwo ike tí ó dé ní ọdún 1948. Abẹ́rẹ́ àwo ike yóò máa wọ́ nísàlẹ̀ kòtò náà, ariwo òkúta ni yóò máa gbé wá, àwo yóò sì máa jẹ abẹ́rẹ́. Ẹ ra abẹ́rẹ́ 78 fún un. Giramọfóònù onísípírìnì tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ irin kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi lu ohun tí ẹ kò ní ẹ̀dà rẹ̀, torí abẹ́rẹ́ irin kan kò gbọdọ̀ lu ju ojú àwo kan lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lo ẹyọ kan fún oṣù mẹ́fà. Nínú àpótí yẹn lè wà àwo sákárà tàbí àpàlà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó ní in mọ́. Ẹ tò wọ́n ní òró, ẹ má gbé wọn lé ara wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tó péye gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ọwọ́ kankan tó já wọn bọ́.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ẹ̀rọ orin àtijọ́ wù mí púpọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣé kí n sì pààrọ̀ gbogbo kápásítọ̀ inú ohun tí mo bá rà? — Òǹkàwé, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ampilifáyà oní-tíránsísítọ̀ (tí kò lo fáàfù) tí ó ṣì ń dún, tí kò ju pé ó ń ha nígbà tí ẹ bá yí bọ́tìnì ohùn. Ìdọ̀tí ni ó ń ha. Fífọ́n ìfọ́n tí wọ́n ń ta fún ojú iná sínú rẹ̀ àti yíyí i lọ sókè-sódò ní ogún ìgbà yóò wo ọ̀pọ̀ rẹ̀ sàn. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ẹ má sì lo epo ẹ́ńjìnnì. Mítà kan, irin sóódà, sukurudíráfà tó dára àti dáírì kan, kò sí ohun tí ẹ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí fáàfù dúró ná.

Ní ti kápásítọ̀, ìdáhùn mi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú rédíò fáàfù, mo máa ń pààrọ̀ gbogbo èyí tí ó jẹ́ bébà. Nínú ampilifáyà ọdún 1970 sókè, mo máa ń wọ̀n wọ́n ná, mo sì ti rí èyí tí ó pé àádọ́ta ọdún tí ó ṣì dára ju tuntun tí ẹnì kan fẹ́ tà fún mi lọ. Ayédèrú ń bẹ lọ́jà: wọ́n ń fi kápásítọ̀ kékeré sínú awọ ńlá, wọ́n ń kọ fólítì tí kò ní sí i lára. Ẹ gbé e lé ọwọ́. Bí ó bá fúyẹ́ ju ti àtijọ́ tí ìwọ̀n wọn jọ bára mu lọ, ẹ dá a padà, kí ẹ sì pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tan án, kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá pààrọ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú pákó ẹ̀yìn. Mo ṣí rédíò kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sì bá irú bébà bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, tí a fi pẹ́ńsù kọ pé “EL84 tuntun, 1967”. Fáàfù yẹn gan-an ni ó ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ ọjọ́ tèmi sí abẹ́ tirẹ̀, mo sì dá bébà náà padà sí ibi tí mo ti bá a.